Ìbòmọ́lẹ̀ àti Ìhàn: Bí Àwòrán Ilẹ̀ Kan Ṣe Ń Hàn Lábẹ́ Òmíràn

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ, ẹ sì lè máa bi ara yín pé kí ni olùkọ́ èdè ń wá nínú ọ̀rọ̀ máàpù àti kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe sùúrù. Kí n tó parí, ẹ óo rí i pé ọ̀rọ̀ èdè wà nídìí rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba ẹni náà sì wà nídìí rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí olùkọ́ bá ní kí a ya máàpù Nàìjíríà, àwa tí ọwọ́ wa kò gbà fún àwòrán yíyà a máa dá ọgbọ́n kan. A ó rin òwú díẹ̀ sínú kẹrosíìnì, a ó fi pa bébà funfun lára, a ó sì tẹ́ bébà náà lé orí máàpù tó wà nínú ìwé. Kíá ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé yóò yọ lábẹ́ bébà, pẹ́ńsùlù wa yóò sì máa tọ̀ wọ́n lọ. Bí kẹrosíìnì bá kéré jù, bébà kò ní í jẹ́ kí nǹkan kan hàn. Bí ó bá sì pọ̀ jù, yóò rin ìwé ìsàlẹ̀, pẹ́ńsùlù kò sì ní í lè kọ lórí rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀n kan ni a ń wá, níbi tí ti òkè kò ti ní í bo ti ìsàlẹ̀ pátápátá, tí ti ìsàlẹ̀ kò sì ní í pa ti òkè rẹ́.

Lónìí, a kì í fi kẹrosíìnì pa bébà mọ́. Kọ̀ǹpútà ni a fi ń tẹ́ máàpù kan lé òmíràn, a sì ń sọ fún un bí èyí tó wà lókè yóò ṣe nípọn tó tàbí bí yóò ṣe fẹ́lẹ́ tó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè àtijọ́ yẹn kò yí padà: báwo ni kí ti òkè ṣe bo ti ìsàlẹ̀ tó? Ìbéèrè kejì tún wà tí àwa ọmọdé ìgbà náà kò ronú kàn: ǹjẹ́ bébà tí a tẹ́ lé orí máàpù ha dúró déédéé ní ibi tí ó yẹ kí ó dúró sí bí?

Ọpọ́n ayò tí ó kún fún nọ́ńbà

Oríṣìí àwòrán ilẹ̀ méjì ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà. Èkíní ni èyí tí a fi ojú àmì àti ìlà yà, gẹ́gẹ́ bí ìlà ọ̀nà tàbí ìlà ààlà ilẹ̀. Èkejì ni àwòrán tí a fi ẹyọ kéékèèké tò jọ, irú èyí tí sátẹ́láìtì ń yà láti òkè, tàbí máàpù àtijọ́ orí bébà tí a fi ẹ̀rọ yà sínú kọ̀ǹpútà. Orí èkejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé.

Ẹ fojú inú wo ọpọ́n ayò. Ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin sì ni a ń kó sínú ihò kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí eré bá ti wọra, tí ẹnì kan sì ka iye ọmọ tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan fún ọ lórí tẹlifóònù, ìwọ tí o kò sí níbẹ̀ lè to ọpọ́n tìrẹ kí ó bá ti wọn mu rẹ́gí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwòrán tí mo ń wí. Ọpọ́n ńlá ni, tí ihò rẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún, nọ́ńbà sì ni ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ihò kan ni mo ń pè ní ẹyọ àwòrán. Bí àwòrán náà bá jẹ́ aláwọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan ń ní, ọ̀kan fún àwọ̀ pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún àwọ̀ búlúù, láti 0 títí dé 255. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 0, dúdú ni a ó rí. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ 255, funfun ni.

Ẹyọ kan a sì máa dúró fún ìwọ̀n ilẹ̀ kan. Sátẹ́láìtì Landsat 5, tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́ sí òfurufú ní 1984, ya àwòrán tí ẹyọ rẹ̀ kan jẹ́ 30 mítà ní òró àti ní ìbú nígbà tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ti NigeriaSat-1, tí orílẹ̀-èdè wa fi ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, jẹ́ 32 mítà. Ti Sentinel-2 àwọn ará Yúróòpù, tí èkíní wọn gòkè ní 2015, jẹ́ 10 mítà. Ẹ fi àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sọ́kàn, a óo tún padà bá wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà

Bí a bá tẹ́ àwòrán kan lé òmíràn, a ní ìpele méjì. Ìpele òkè lè bo ìpele ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, bí aṣọ àrán ṣe ń bo ohun tí a wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ hàn díẹ̀, bí léèsì ṣe ń jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀ hàn. Bí ìpele òkè ṣe bo ti ìsàlẹ̀ tó ni mo fẹ́ kí a máa pè ní ìwọ̀n ìbòmọ́lẹ̀. Bí ó ṣe jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ hàn tó ni mo fẹ́ kí a máa pè ní ìwọ̀n ìhàn. Nínú 100 ni a ń ka àwọn méjèèjì, bí a bá sì pa wọ́n pọ̀, 100 náà ni wọn yóò jẹ́ nígbà gbogbo. Ìbòmọ́lẹ̀ 70, ìhàn 30. Ìbòmọ́lẹ̀ 100, ìhàn 0.

Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe kò le rárá. Ká sọ pé nọ́ńbà ẹyọ kan nínú ìpele òkè jẹ́ 200, tí ti ẹyọ abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ 100. Bí a bá fi ìbòmọ́lẹ̀ sí 60, kọ̀ǹpútà yóò mú ìdá 60 nínú 100 ti 200, èyí ni 120. Yóò mú ìdá 40 nínú 100 ti 100, èyí ni 40. Yóò pa wọ́n pọ̀, yóò sì fi 160 hàn wá lójú ẹ̀rọ. Ohun méjì ni kí ẹ ṣàkíyèsí níbẹ̀. Èkíní, nọ́ńbà 160 yìí kò sí nínú àwòrán òkè, kò sì sí nínú ti ìsàlẹ̀. Ojú ẹ̀rọ nìkan ni ó wà. Èkejì, kò sí ohun tí ó ṣe fáìlì méjèèjì: 200 ṣì jẹ́ 200, 100 ṣì jẹ́ 100. Ẹni tí ó bá yí ìwọ̀n ìbòmọ́lẹ̀ padà kò tíì ba ohunkóhun jẹ́, nítorí náà kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe bẹ̀rù láti gbìyànjú.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọ̀ ọ́? Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní ń lo QGIS, ohun èlò kọ̀ǹpútà fún máàpù yíyà tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní 2002, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Nínú ẹ̀dà kejì ohun èlò yìí, ìwọ̀n ìhàn ni nọ́ńbà tí wọ́n ní kí a fi síbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde ní 2018, wọ́n yí i padà, ó di ìwọ̀n ìbòmọ́lẹ̀. Ohun èlò mìíràn bíi ArcGIS sì ń béèrè ìwọ̀n ìhàn ní tirẹ̀. Nítorí náà, 30 nínú ọ̀kan ni 70 nínú èkejì.

Èmi fúnra mi ti ṣubú sínú ọ̀fìn yìí. Mo wà láàárín àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n péjọ láti kọ́ iṣẹ́ yìí, mo sì fi ẹnu ara mi sọ pé, "Ẹ fi sí 30." Àwọn kan rí máàpù àtijọ́ tó dúró gbọn-in gbọn-in tí ìlú òde òní ń hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ rẹ̀, àwọn kan kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí máàpù àtijọ́ náà rárá. Ìdajì wákàtí ni a fi ń wá ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà, láìmọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni kò pé. "30" kò tó. "Ìbòmọ́lẹ̀ 30" ni ọ̀rọ̀ tó pé.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé kí a máa dárúkọ nǹkan wọ̀nyí bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe dárúkọ wọn. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ jáde. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ àwọn àgbà wọ̀nyí ni pé ọ̀rọ̀ tuntun gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Ìbòmọ́lẹ̀ sọ iṣẹ́ tirẹ̀, ìhàn sọ tirẹ̀, ẹni tí kò tilẹ̀ ka ìwé kò ní í fi ọ̀kan pe èkejì.

Bí a ṣe ń ṣe é

Nínú QGIS, ẹ tẹ orúkọ ìpele náà lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, fèrèsé kan yóò ṣí. Ẹ lọ sí ojú ewé tí wọ́n kọ "Transparency" sí. Ẹ óo rí ọ̀pá kékeré kan tí a lè fà sọ́tùn-ún sósì. Ìwọ̀n ìbòmọ́lẹ̀ gbogbo ìpele náà ni ó ń darí. Ẹ má ṣe fi orúkọ ojú ewé yẹn pinnu o: ìhàn ni ó wà lórí ilẹ̀kùn, ìbòmọ́lẹ̀ ni ó wà nínú yàrá.

Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni ibi tí a ti lè sọ fún kọ̀ǹpútà pé nọ́ńbà kan dúró fún òfìfo, pé kí ó má ṣe fi í hàn rárá. Èyí wúlò nítorí pé bí a bá ti yí máàpù àtijọ́ kí ó lè dúró síbi tó yẹ, igun rẹ̀ a máa ní àlàfo dúdú tí ó ń bo ohun abẹ́ rẹ̀. Bí a bá ní kí 0 jẹ́ òfìfo, igun dúdú yẹn yóò pòórá. Ṣùgbọ́n bí yíǹkì dúdú tí wọ́n fi kọ orúkọ ìlú bá jẹ́ 0 pẹ̀lú, orúkọ ìlú yóò bá a lọ. Mo ti rí máàpù tí ìlú wà lórí rẹ̀ tí kò ní orúkọ mọ́, tí ẹni tó ṣe é kò sì mọ ohun tó fà á.

Ọ̀nà kẹta wà fún máàpù orí bébà funfun. Bí a bá dín ìbòmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù, funfun bébà náà yóò ṣú bo àwòrán abẹ́ rẹ̀ bí ọyẹ́ ṣe ń bo òkè, yíǹkì ara rẹ̀ náà yóò sì ṣì. Ẹ lọ síbi tí a ti ń yan bí ìpele ṣe ń dàpọ̀, kí ẹ yan "Multiply". Ìsọdipúpọ̀ ni. Kọ̀ǹpútà yóò ka funfun sí 1, yóò ka dúdú sí 0, yóò sì fi sọ nọ́ńbà ìsàlẹ̀ di púpọ̀. Ohun tí a bá fi 1 sọ di púpọ̀ kì í yí padà, nítorí náà ibi tí bébà ti funfun yóò hàn gedegbe. Ohun tí a bá fi 0 sọ di púpọ̀ yóò di 0, nítorí náà yíǹkì yóò dúró ní dúdú rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ wo ibi tí ẹ ti lè rí àpẹẹrẹ fún ọmọ tó ń béèrè pé kí ni ìwúlò ìsọdipúpọ̀ 0 àti 1.

Ògbómọ̀ṣọ́ lánàá, Ògbómọ̀ṣọ́ lónìí

Ẹ jẹ́ kí a fi Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1990 ni wọ́n dá Yunifásítì Ìmọ̀-ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ níbẹ̀, ní apá ọ̀nà tó lọ sí Ìlọrin. Láti 2008 ni àwọn àwòrán Landsat àtijọ́ ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mú àwòrán kan tí wọ́n yà kí 1990 tó dé, kí ó fi ṣe ìpele ìsàlẹ̀. Kí ó mú ti Sentinel-2 ti ọdún àìpẹ́ yìí, kí ó fi ṣe ti òkè. Kí ó wá máa fa ọ̀pá ìbòmọ́lẹ̀ láti 100 wá sí 0 díẹ̀díẹ̀. Yóò máa rí bí òrùlé ṣe ń padà di oko àti igbó níwájú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ bí ìlú ṣe ń fẹ̀, tí a lè fi ọjọ́ mẹ́ta sọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ojú yóò fi gbà á.

Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ dúró tì í. Bí wọ́n bá ya ọ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lẹ́yìn tí àwọn àgbẹ̀ ti sun oko, tí wọ́n sì ya èkejì nígbà òjò, ìyàtọ̀ àwọ̀ tí ọmọ yóò rí lè máà jẹ́ ti ilé kíkọ́ rárá. Ẹ sì rántí 160 tí kò sí nínú 200, tí kò sí nínú 100. Bí àwọ̀ ewé ti òkè bá bá àwọ̀ ilẹ̀ pupa ti ìsàlẹ̀ dàpọ̀, àwọ̀ kẹta ni yóò jáde, ọmọ lè tọ́ka sí i pé àbàtà nìyí. Kò sí àbàtà níbẹ̀. Àwọ̀ méjì ló gùn ara wọn. Nítorí náà, ìbòmọ́lẹ̀ 50 kì í ṣe ibi tí a ti ń ka àwọ̀. Ibi tí a ti ń fi ipò wé ipò ni. Bí a bá fẹ́ ka àwọ̀, kí a padà sí 100, lẹ́yìn náà kí a lọ sí 0, kí a gbọ́ ti olúkúlùkù láti ẹnu ara rẹ̀.

Aṣọ àti àkísà

Àwọn ọ̀dọ́ kan lè sọ pé nígbà tí sátẹ́láìtì ti ń ya ilẹ̀ báyìí, kí ni a tún ń fi máàpù àtijọ́ ṣe? Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ohun tó wà nílẹ̀ lónìí ni sátẹ́láìtì mọ̀. Ohun tó ti kúrò ńlẹ̀ wà lọ́wọ́ bébà. Ẹ wo Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ nígbà ogun ní àwọn ọdún 1830 sí 1840, kí Aláàfin Àtìbà tó tẹ Ọ̀yọ́ òde òní dó sí Àgọ́-Ọjà. Igbó àti ọ̀dàn ti bo ibẹ̀. Láti 1991 ni ó ti wà nínú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Ọ̀yọ́. Ní 1980 ni Robert Soper àti Patrick Darling, àwọn onímọ̀ nípa ohun àtijọ́, tẹ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí odi Ọ̀yọ́-Ilé jáde. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá tẹ́ irú àwòrán odi bẹ́ẹ̀ lé àwòrán sátẹ́láìtì, yóò mọ ibi tí ó yẹ kí òun fi ẹsẹ̀ ara òun wá odi náà lọ. Láìsí bébà yẹn, igi nìkan ni yóò rí.

Ọ̀ràn ilẹ̀

Mo dé ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ. Ká sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ kan wà ní ẹ̀yìn odi ìlú Ọ̀yọ́, tí ẹbí kan yọ̀ǹda ilẹ̀ fún ní nǹkan bí 1955. Ìwé ìwọnlẹ̀ rẹ̀, èyí tí a ń pè ní sọ́fè, wà lórí bébà. Àwọn tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ti sùn, ìlú ti fẹ̀ dé ibẹ̀, pulọ́ọ̀tì ti di owó gọbọi. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ti kọjá ààlà. Ilé-ẹ̀kọ́ ní àwọn kò kọjá. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó mọ kọ̀ǹpútà lò dìde nínú ìpàdé. Ó ti ya sọ́fè náà sínú ẹ̀rọ, ó ti tẹ́ ẹ lé àwòrán sátẹ́láìtì, ó fi ìbòmọ́lẹ̀ sí 50. Gbogbo àgbà na ọrùn. Ìlà pupa ààlà gba àárín kíláàsì mẹ́ta kọjá. Ariwo ta. Ta ni yóò tún bá ojú ara rẹ̀ jiyàn?

Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ìlà yẹn má tọ̀nà rárá. Àwọn sọ́fè àtijọ́ ilẹ̀ wa, láti orí òpó ìwọ̀n kan ní ìlú Mínnà ni wọ́n ti ṣírò ipò gbogbo nǹkan. Àwọn sátẹ́láìtì òde òní ń lo ìṣirò mìíràn, tí ó jẹ́ ti gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá mú nọ́ńbà ti Mínnà, tí ó kà á bí ẹni pé ti òde òní ni, gbogbo ilẹ̀ náà yóò yẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ìyẹ̀sí náà ní agbègbè wa sì lè súnmọ́ 100 mítà. Gígùn pápá bọ́ọ̀lù nìyẹn. Pulọ́ọ̀tì kan tí ó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà ní ìbú àti 120 ní gígùn kò ju nǹkan bí 669 mítà onígun mẹ́rin lọ. Ìyẹ̀sí 100 mítà lè gbé e kọjá ilé aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Ẹ sì rántí ìwọ̀n ẹyọ àwòrán. Ẹyọ Landsat kan jẹ́ 30 mítà lọ́nà 30 mítà, èyí ni 900 mítà onígun mẹ́rin. Ó tóbi ju pulọ́ọ̀tì náà lọ. Bí a bá ń fa ọ̀pá ìbòmọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, àwòrán bẹ́ẹ̀ kò lè sọ ibi tí òpó ààlà wà, nítorí pé kò rí i láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Kí wá ni ìwúlò ìhàn nínú irú ọ̀ràn yìí? Ìhàn kì í tún àṣìṣe ṣe, ṣùgbọ́n ó máa ń tú àṣìṣe fó fún ẹni tó bá mọ ibi tí yóò wò. Kí a tó wo ìlà tí à ń jà sí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí kò sẹ́ni tó ń jà sí: oríta, afárá orí odò, ilé ìjọsìn àtijọ́ tí kò tíì kúrò lójú kan. Bí ìbòmọ́lẹ̀ bá wà ní 50, tí oríta kan bá di méjì lójú ẹ̀rọ, ọ̀kan láti inú sọ́fè, ọ̀kan láti inú sátẹ́láìtì, a ti mọ̀ pé ìpele méjèèjì kò tíì dúró síbi kan náà. Kí a pa ọ̀rọ̀ ààlà tì ná. Kí a tún ipò ṣe, kí a yan ojú ibi mẹ́rin ó kéré tán tí wọ́n fọ́n ká igun máàpù, kí a tún wò ó. Nígbà tí oríta bá tó di ọ̀kan ṣoṣo ni a lè bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìlà ààlà. Títí dé ibẹ̀ náà, awọnlẹ̀ tó gba ìwé ẹ̀rí, tí ó lọ fi ohun èlò wá òpó ààlà lórí ilẹ̀ gan-an, ni ọ̀rọ̀ kù sí lọ́wọ́. Ìlú Ọ̀yọ́ sì ni ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1908. A kò jìnnà sí ìmọ̀. Ohun tó kù ni kí á máa béèrè.

Ojúṣe wa

Ẹni tó di ọ̀pá ìbòmọ́lẹ̀ mú dà bí ẹni tó wà lábẹ́ agọ̀: ó ń rí wa láti inú àwọ̀n, àwa kò rí i. Bí ó bá gbé e sí 90, a ó gba ti máàpù òkè gbọ́. Bí ó bá gbé e sí 10, a ó gbàgbé rẹ̀. Kò parọ́, kò sì yí nọ́ńbà kankan padà nínú fáìlì. Síbẹ̀, ó ti dá ẹjọ́ kí àwọn àgbà tó la ẹnu. A sì mọ ohun tí àwọn baba wa ń pe ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá: àgbà òṣìkà ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, nígbà tí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní iṣẹ́ yìí, ẹ má ṣe dúró lórí ibi tí a ti ń tẹ bọ́tìnnì. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n máa dárúkọ ìwọ̀n ní kíkún, yálà ìbòmọ́lẹ̀ ni tàbí ìhàn. Ẹ kọ́ wọn pé kí wọ́n fi ohun tí kò sẹ́ni tó ń jà sí dán ipò wò, kí wọ́n tó wo ohun tí à ń jà sí. Ẹ sì kọ́ wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ fi máàpù han ọ̀pọ̀ ènìyàn, kí wọ́n fi í hàn lẹ́ẹ̀mẹta: ní 100, kí a rí ti òkè nìkan, ní 0, kí a rí ti ìsàlẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà ni kí wọ́n tó gbé e sí àárín. Kí wọ́n sì fi Yorùbá tó ṣe é gbọ́ ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ìyá àgbà tó jókòó sẹ́yìn, tí ilẹ̀ jẹ́ tirẹ̀, lè sọ pé, "Ọmọ mi, oríta yẹn di méjì." Ọjọ́ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá lè sọ bẹ́ẹ̀ ni n óo gbà pé a ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí yé ara wa.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ ẹ̀yin tí ẹ ní ìbéèrè.